Títì ń jẹ táyà, àmọ́ ibo ni rọ́bà tó jẹ ń lọ?

Ẹ lọ bá fọ́kanáísà kankan ládùúgbò yín, ẹ ní kó gbé táyà tuntun kan àti èyí tó ti pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, sáìsì kan náà, kẹ́ ẹ wo bí ilà tó wà lójú wọn ṣe jìn sí. Ti tuntun á jìn tó bíi mìlímítà 8. Ti èyí tó ti pá, ká ní ẹni tó ni ín ò tíì lò ó kọjá ààlà, á ku bíi 1.6, ibẹ̀ ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yúróòpù fàlà sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó kọjá. Ohun tó lé ní mìlímítà 6 ti lọ nìyẹn, yíká gbogbo ojú táyà. Rọ́bà gidi ni, ó ní ìwọ̀n, tẹ́ ẹ bá gbé táyà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n ẹ máa rí i pé èyí tó ti pá fi bíi kílò kan tàbí kó lé díẹ̀ fúyẹ́ ju tuntun lọ. Táyà mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò, ẹ ṣírò ẹ̀. Kílò mẹ́rin sí márùn-ún ti kúrò lẹ́sẹ̀ mọ́tò kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé "táyà ti jẹ" ni gbogbo àlàyé tó wà níbẹ̀, ó ti jẹ, ó ti tán. Òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí, torí ọ̀rọ̀ náà kan ẹja tá à ń jẹ, ó kan ẹ̀fọ́ tá à ń gbìn sétí títì, ó kan eruku tí àwọn ọmọ wa ń fà símú tí wọ́n bá ń ti iléèwé bọ̀, àwọn tó sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sọ ọ́ lédè tí ìyá ọlọ́jà máa gbọ́. Rọ́bà tó kúrò lára táyà ò di òfo. Ó di eruku, eruku yẹn máa balẹ̀ síbì kan, ibi tó bá sì balẹ̀ sí náà lá ti máa ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú táyà ná, torí ohun tó wà nínú ẹ̀ ni yóò wà nínú eruku yẹn. Rọ́bà fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì táyà lọ. Apá kan nínú rọ́bà ọ̀hún wá látara igi, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Ondo, Edo àti Delta, apá kejì ni wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe nílé iṣẹ́. Rọ́bà ò sì ṣàjèjì sílẹ̀ Yorùbá o, kí igi rọ́bà ti Brazil tó gbajúmọ̀ níbí, igi ire tó wà nínú igbó tiwa ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ la lára kí oje ẹ̀ lè máa sun, lọ́dún 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó kọjá lọ sókè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 ìwọ̀n pọ́n-ùn, wọ́n la àwọn igi náà lára títí ọ̀pọ̀ wọn fi kú, kò sì pẹ́ tí òwò náà fi wó. Ẹ jẹ́ n padà sórí táyà. Wọ́n máa ń po ẹ̀dú lúbúlúbú kan mọ́ ọn, carbon black ni wọ́n ń pè é, òun ló ń jẹ́ kí táyà dúdú, òun náà ló ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó jẹ, torí àwọn táyà àkọ́kọ́ tí ò ní i funfun ni, wọn kì í sì í pẹ́ jẹ tán. Imí-ọjọ́ wà níbẹ̀, síńkì wà níbẹ̀, oríṣiríṣi epo wà níbẹ̀, àti àwọn kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ tètè ba rọ́bà jẹ́. Ẹ fọkàn sí àwọn ìkẹyìn yìí o, mo ń padà bọ̀ wá bá wọn.

Imí-ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Goodyear ló rí i lọ́dún 1839 pé téèyàn bá po imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà tó sì fi iná sí i, rọ́bà náà ò ní yọ́ mọ́ nínú ooru, kò sì ní gan nínú òtútù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé imí-ọjọ́ máa so àwọn okùn tín-ín-rín tó wà nínú rọ́bà pọ̀ mọ́ra wọn ní kókó ní kókó. Bó bá ti so pọ̀ báyẹn, kò ṣeé yọ́ padà mọ́. Ìdí tá a fi lè gùn ún lórí títì gbígbóná nìyẹn, ìdí tí eruku ẹ̀ kì í fi í tètè jẹrà nínú ilẹ̀ náà nìyẹn.

Ó dáa, báwo ló ṣe ń jẹ? Ẹni tó bá ti lo írésà rí nílé ìwé ti rí i tó ń ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi írésà pa ohun tẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ rẹ́, írésà ló ń jẹ, àwọn nǹkan kéékèèké gbọọrọ tó lọ́ pọ̀ ló máa ń kù sórí ìwé, dúdú pẹ́ńsù á sì ti wà nínú wọn. Bó ṣe rí lórí títì gan-an nìyẹn. Títì ọlọ́dà máa ń dán lójú téèyàn bá wò ó láti òkèèrè, àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹ̀, orí wọn sì mú. Ibi tí táyà kan fi ń kan ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, gbogbo ìwúwo mọ́tò, èèyàn inú ẹ̀ àti ẹrù tó wà ní búùtù, orí ibi mẹ́rin kéékèèké yẹn ló wà. Rọ́bà máa ń tẹ̀ wọ àárín àwọn òkúta yẹn, á dì wọ́n mú, ìdìmú yẹn ló jẹ́ kí mọ́tò lè dúró tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Nígbà tó bá sì fẹ́ já ara ẹ̀ gbà lọ́wọ́ òkúta kó lè yí lọ, díẹ̀ lára ẹ̀ máa ń ya kúrò. Ohun tó ń dá ẹ̀mí wa sí lórí títì náà ló ń jẹ táyà, a ò lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé táyà kì í kàn yí lásán, ó máa ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ojú ò kàn lè rí i ni. Tí mọ́tò bá ń lọ tààrà, wọ́ọ́rọ́wọ́, yíyọ̀ yẹn kéré gan-an. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń já kọ́nà pẹ̀lú eré, tàbí tẹ́ ẹ ṣàdédé tẹ bíréèkì torí pé ọ̀kadà kan já wọlé, tàbí tẹ́ ẹ fi agbára ta mọ́tò síwájú bí iná tráfíìkì ṣe ń di ewé, ìgbà yẹn gan-an ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí táyà ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìlú, tó ń dúró tó ń gbéra, fi máa ń tètè pá ju ti ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì gbọọrọ, bí kìlómítà tí wọ́n rìn tiẹ̀ dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní táyà kan rin 40,000 kìlómítà kó tó pàdánù mìlímítà 6.4. Táyà mọ́tò kékeré máa ń yí bíi ìgbà 500 nínú kìlómítà kan, ìyẹn ni pé ó ti yí tó ìgbà mílíọ̀nù 20. Tẹ́ ẹ bá pín mìlímítà 6.4 sí ọ̀nà mílíọ̀nù 20, ohun tẹ́ ẹ máa rí kéré débi pé kò sí ojú tàbí dígí awò lásán tó lè rí i. Ìdí tá ò fi ń rí i tó ń lọ nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe pé ó ń ṣí kúrò pẹrẹsẹ báyẹn o. Á jẹ níbí lónìí, á jẹ lọ́hùn-ún lọ́la, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń já bọ́ sì tóbi ju ìṣirò yẹn lọ fíìfíì, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà àti ìdá kan nínú mẹ́wàá. Táwọn onímọ̀ bá sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, kì í ṣe rọ́bà nìkan ni wọ́n ń bá níbẹ̀, bí ìdajì ẹ̀ ló máa ń jẹ́ òkúta lúbúlúbú àti ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ ọn látorí títì, torí bí títì ṣe ń jẹ táyà, táyà náà ń jẹ títì.

Mo gbọ́dọ̀ ya nǹkan méjì kan sọ́tọ̀ níbí torí àwọn èèyàn máa ń kó wọn pọ̀. Àwọn ègé rọ́bà gbọọrọ gbọọrọ tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì Èkó sí Ìbàdàn, ìyẹn kì í ṣe táyà tó jẹ, táyà tírélà tó ṣí ni, ojú ẹ̀ ló bọ́ kúrò lára ẹ̀ odidi, ooru àti ẹrù àpọ̀jù àti afẹ́fẹ́ tí ò tó ló sábà máa ń fà á. Èkejì ni ilà dúdú tí bíréèkì òjijì máa ń fà sórí títì, rọ́bà ni ìyẹn lóòótọ́, àmọ́ ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, ó ń dúró de oòrùn àti òjò. Irú ẹ̀ ló pọ̀ lórí ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí, torí pé táyà bàálù kì í yí rárá kó tó kanlẹ̀, ṣe ló máa ń wọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, èéfín tẹ́ ẹ máa ń rí nígbà tó bá balẹ̀ nìyẹn. Rọ́bà tó bá ti pọ̀ jù níbẹ̀ máa ń jẹ́ kó yọ̀ nígbà òjò, ìdí nìyẹn tí àwọn pápákọ̀ òfuurufú fi máa ń ha á kúrò láti ìgbà dé ìgbà.

Wàyí o, eruku táyà ti já bọ́, ibo ló kù? Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ò lọ jìnnà rárá. Ó wà lórí títì, ó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ tó wà létí títì, láàárín mítà mélòó kan sí ibi tó ti já bọ́. Díẹ̀ ló kéré tó láti dúró nínú afẹ́fẹ́, tá a bá wọ̀n ọ́n ní kílò kì í sábàá ju bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn ló ń wọ imú. Lọ́dún 2019, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tó ń gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí afẹ́fẹ́ sọ pé nínú eruku tín-ín-rín jù lọ tí mọ́tò ń tú jáde lọ́dọ̀ wọn, ìdá 60 nínú 100 kì í ti sàlẹ́ńsà wá mọ́, ara táyà, bíréèkì àti ojú títì ló ti ń wá. Ẹ má fi ìyẹn wé Èkó o, torí tiwọn, ẹ́ńjìnnì wọn ti ní ohun tó ń sẹ́ èéfín, níbi tí dánfó àti tírélà ṣì ti ń tú èéfín dúdú ìṣirò ẹ̀ ò lè rí bákan náà. Ohun tó yẹ kó yé wa níbẹ̀ ni pé kódà ká pààrọ̀ gbogbo mọ́tò sí ti iná mànàmáná lọ́la, eruku táyà ṣì wà níbẹ̀, torí mọ́tò oníná wúwo ju ti epo lọ, bátìrì ẹ̀ ló fà á, ó sì máa ń gbéra lójijì, ohun méjèèjì yìí ń jẹ táyà.

Òjò ló ń kó ìyókù lọ. Lọ́dọ̀ tiwa omi òjò orí títì kì í gba ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi kọjá, gọ́tà ló ń bọ́ sí, látinú gọ́tà ó di kánààlì, látinú kánààlì ó di odò tàbí ọ̀sà. Ẹ wo Third Mainland Bridge, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, ó gùn tó kìlómítà 11.8, orí ọ̀sà ló wà ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ ro iye táyà tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ àti iye bíréèkì tí wọ́n ń tẹ̀ nínú gò-síloò òwúrọ̀. Omi tó bá rọ̀ sórí afárá yẹn, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Àwọn tó ń pẹja lábẹ́ ẹ̀ láti Mákòkó ò ní ohunkóhun láti fi dá a dúró.

Kí ló dé tá ò fi ń rí i nígbà náà? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, gbogbo wa là ń rí i lórí omi torí ó ń léfòó. Eruku táyà wúwo ju omi lọ, pàápàá nígbà tí òkúta ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń rì ni, ó ń lọ pò mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Ó dúdú, ẹrẹ̀ náà dúdú. Kódà àwọn onímọ̀ pàápàá ò kà á fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí wọ́n ń ka àwọn ike kéékèèké tó wà nínú omi, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ irú ike tó jẹ́ nípa títan ìmọ́lẹ̀ sí i, ẹ̀dú inú táyà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, kò ní dá nǹkan kan padà. Lọ́dún 2017 ni àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Netherlands kó ìṣirò orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan jọ, wọ́n ṣírò ẹ̀ pé eruku táyà tó ń jáde lágbàáyé lọ́dún kan súnmọ́ mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù, pé bá a bá pín in fún olúkúlùkù, ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò lọ fún ẹnì kan. Kò dọ́gba o, ará Amẹ́ríkà ń fi bíi kílò 4.7 sílẹ̀ lọ́dún, ará India 0.23. Ẹni tí ò ní mọ́tò rárá ń fà á símú bákan náà, ìyẹn ló máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ya gbogbo ayé lẹ́nu ni ìlú Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà. Ẹja kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ coho, irú salmon kan ni. Inú odò kékeré ni wọ́n ti ń bí i, á lọ sínú òkun lọ dàgbà, tó bá tó àkókò láti yé ẹyin á padà wá sódò. Àwọn ará ìlú náà náwó nára láti tún àwọn odò wọn ṣe nínú ìgboro, wọ́n palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, wọ́n gbin igi sí bèbè, inú wọn sì dùn pé ẹja ti ń padà bọ̀. Àfi bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú omi, á máa la ẹnu, á dojú dé, láàárín wákàtí mélòó kan á kú, ẹyin ṣì wà níkùn ẹ̀ pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ̀ tí ò tíì yé. Láwọn odò míì ní ìgboro, láti 40 sí 90 nínú 100 àwọn tó padà wá ló ń kú báyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wá ohun tó ń pa wọ́n. Wọ́n wo epo mọ́tò, wọ́n wo oògùn kòkòrò, wọ́n wo kọ́pà àti síńkì, kò sí èyí tó bá a mu.

Ìgbà tí wọ́n wá rẹ eruku táyà sómi, tí wọ́n fi ẹja sínú ẹ̀, ẹja kú. Ó dáa, táyà ni, àmọ́ kí ni nínú táyà? Ó ju ẹgbẹ̀rún méjì kẹ́míkà lọ tó wà nínú omi yẹn. Edward Kolodziej, Zhenyu Tian, Jenifer McIntyre àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì méjì ní ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín in sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdá kan á pa ẹja, ìdá kejì ò ní pa á, wọ́n á tún mú èyí tó ń pa á, wọ́n á tún pín in, títí ó fi ku ẹyọ kan tí kò sí orúkọ ẹ̀ nínú ìwé kankan. Ẹ rántí àwọn kẹ́míkà tí mo ní kẹ́ ẹ fọkàn sí. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ 6PPD. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa jáde díẹ̀díẹ̀ wá sójú táyà, kó fi ara ẹ̀ ko ozone, gáàsì kan tó wà nínú afẹ́fẹ́, kí ozone má bàa ya rọ́bà. Ó ń ṣiṣẹ́ yẹn dáadáa, táyà ò ní ya, ẹ̀mí àwọn èèyàn wà lórí ìyẹn. Àmọ́ bí 6PPD àti ozone bá ti pàdé, nǹkan míì ni wọ́n ń dà, orúkọ tí wọ́n fún un ni 6PPD-quinone, òun ló ń pa coho. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwádìí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ohun tí ò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá gíráàmù nínú lítà omi kan tó láti pa ìdajì àwọn coho tó bá wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹja ló ń pa o. Ẹja chum, tó jẹ́ ìbátan coho, tí wọ́n jọ ń wọ odò kan náà, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Torí náà ẹni tó bá ń kígbe pé gbogbo ẹja ọ̀sà ló ti lóró táyà, ó ń ṣe àsọdùn. Èyí tó yẹ ká mú níbẹ̀ ni pé láti àwọn ọdún 1960 ni 6PPD ti wà nínú táyà, káàkiri ayé, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń dà tó bá délẹ̀ títí ẹja kan fi ń kú lójú àwọn èèyàn. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ ní gúúsù China rí i nínú ìtọ̀ èèyàn. Rírí tí wọ́n rí i níbẹ̀ ò túmọ̀ sí pé ó ti fa àìsàn, ó kàn jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti dé inú ara ni. Ní yunifásítì Vienna ní ilẹ̀ Austria, wọ́n fi ewébẹ̀ létísì dán an wò, gbòǹgbò ẹ̀ fa àwọn kẹ́míkà táyà sókè lọ sínú ewé tá à ń jẹ.

Ẹ wá wo apá kan tó jẹ́ tiwa níbí. Táyà tòkunbọ̀ wà nínú àwọn ọjà tí òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n má kó wọlé, síbẹ̀ wọ́n kún ọjà. Táyà tòkunbọ̀ tó wá láti Jámánì, ojú ẹ̀ tó dáa ti jẹ tán sórí títì Jámánì, ìyókù ló bá wa dé, bó bá sì pá tán ọ̀dọ̀ wa ni egungun ẹ̀ máa wà títí. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà DOT, tó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó bá ti gbó báyẹn ti le, kì í dì mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́, ó lè bẹ́ lórí eré nígbàkúùgbà bí ilà ẹ̀ tiẹ̀ ṣì jìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí owó gbé ìdílé yín sórí ẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ onímọ́tò ò pọ̀, àmọ́ ó wà. Kí afẹ́fẹ́ inú táyà pé iye tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ò tó máa ń jẹ́ kí etí táyà méjèèjì jẹ, tó bá pọ̀ jù àárín ló ń jẹ. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ń jẹ, tàbí tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ra ojú táyà tó ń ha yín lọ́wọ́ sápá kan tó sì dán sápá kejì, àláíńmẹ́ǹtì ló ti yẹ̀, ẹ lọ ṣe é kíá, torí mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń wọ́ táyà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń rìn, kódà lójú ọ̀nà tààrà. Kòtò tá à ń já sí ló sábà máa ń fà á lọ́dọ̀ wa. Ẹrù àpọ̀jù, ẹ dín in kù. Kẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ kúrò lórí iná kí bíréèkì tó di dandan, ìyẹn ń dá epo sí, ó ń dá táyà sí, ó ń dá atẹ́gùn sí.

Àwọn ilé iṣẹ́ náà ni tiwọn. Àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ mẹ́ta l'Amẹ́ríkà, Yurok, Puyallup àti Port Gamble S'Klallam, tí ìgbésí ayé wọn so mọ́ ẹja salmon, kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n fòfin de 6PPD nínú táyà, ìjọba sì gbà lóṣù Kọkànlá 2023 láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. California ti sọ fún àwọn tó ń ṣe táyà lọ́dún yẹn kan náà pé kí wọ́n wá ohun míì tó lè rọ́pò ẹ̀. Yúróòpù ní tiwọn ṣe òfin lọ́dún 2024, Euro 7 ni wọ́n ń pè é, fún ìgbà àkọ́kọ́ òfin mọ́tò máa wọn iye rọ́bà tí táyà ń jẹ, kì í ṣe èéfín nìkan.

Ohun kan ṣì wà tí wọ́n rí ní Washington yẹn tó bá wa mu gan-an. Wọ́n mú omi òjò tó ti orí títì wá, èyí tó ń pa coho, wọ́n jẹ́ kó gba inú iyanrìn àti ilẹ̀dú tí wọ́n tò jọ kọjá, omi tó jáde nísàlẹ̀ ò pa ẹja kankan mọ́. Iyẹ̀pẹ̀ lásán ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Lọ́dọ̀ wa ṣe là ń da kọnkéré bo gbogbo etí títì tí omi ì bá ti rì sílẹ̀, tá a wá ń darí gbogbo ẹ̀ sí gọ́tà. Bá a bá sì kó gọ́tà, ẹrẹ̀ dúdú tá a kó jáde, tó jẹ́ pé inú ẹ̀ gan-an ni eruku táyà wà jù, etí gọ́tà náà la máa ń kó o jọ sí, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà òjò á tún da gbogbo ẹ̀ padà sínú ẹ̀, èyí tó bá gbẹ á máa fẹ́ sójú àwọn ìyá tó ń gbá títì àtàwọn tó ń ta àkàrà níbẹ̀. Kí àdúgbò tó bá fẹ́ kó gọ́tà ti wá ọkọ̀ tó máa gbé ẹrẹ̀ yẹn lọ ṣáájú kí wọ́n tó ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, kí wọ́n wọ́n omi sí ilẹ̀ kí wọ́n tó gbá a, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ẹrẹ̀ yẹn lọ dà sídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ torí pé ó dúdú bí ilẹ̀ ọlọ́ràá.